Ọ̀nà Tí Bàbá Kò Gbà Sọ̀kalẹ̀ Rí

Okùn náà ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó dì í mú lókè, bàbá sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tí yóò tẹ̀ lára àpáta. Ìbàdí rẹ̀ ni wọ́n so okùn mọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló dì í mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà wúwo o," àbúrò rẹ̀ ké láti òkè. "Oúnjẹ ilé àlejò ti wọ̀ yín lára."

"Di okùn mú, kó o yé sọ̀rọ̀."

"Mo dì í mú. Ẹnu kọ́ ni mo fi dì í."

Bàbá ti rí nǹkan pupa kan láàrin igbó ìsàlẹ̀. Fìlà líle tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń dé ni.

Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Ó há sórí igi kan, táyà iwájú rẹ̀ ti ká bí ewé gbígbẹ. Ọkùnrin náà wà nísàlẹ̀ igi, ó dojú bolẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lábẹ́ àyà bí ẹni tó sùn. Bàbá fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Ó tutù. Láti àná ló ti tutù.

"Ṣé ó ń mí?" ọmọbìnrin rẹ̀ ké.

Bàbá dúró. Kò mọ ohun tó mú un ṣe ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Ó na ọwọ́ sókè síbi tí kẹ̀kẹ́ há sí, ó tẹ bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún. Ó mú. Ó tẹ ti ọwọ́ òsì. Ó mú.

"Bàbá! Mo ní ṣé ó ń mí?"

"Rárá," ó wí. "Ẹ ju aṣọ sílẹ̀."

Tíṣà ni ọkùnrin náà. Ìlú ńlá ló ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, ó ní òun fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan níbi tí òun kò ti ní gbọ́ ìró mọ́tò. Kò tan ara rẹ̀ jẹ. Mọ́tò kankan kì í dé ọ̀nà náà. Ojú irin àtijọ́ ni. Wọ́n ti hú irin rẹ̀ kúrò láti ìgbà tó ti pẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ ló kù, tó yí òkè po bí ìgbànú. Ó gba inú igbó, ó gba etí odò, ó gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ la inú òkè kọjá. Ẹyẹ nìkan ló ń pariwo níbẹ̀. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá.

Bàbá ló la ọ̀nà náà fún wọn. Bàbá Ọfà ni wọ́n ń pè é, nítorí ọfà funfun tó ń kùn sára òkúta kí àlejò má bàa ṣìnà. Ogún ọdún ló ti ń kùn ún. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, yóò gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, yóò máa gun òkè lọ.

Láti ìsàlẹ̀ ni ìgbà gbogbo. Bí bàbá tó bí i ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ojú irin ni olóògbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa fi ẹsẹ̀ rìn ín láràárọ̀, kó máa wo ohun tó bàjẹ́. "Bó o bá fẹ́ mọ ọ̀nà, gùn ún," ló máa ń wí. "Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń gbé e. Ẹni tó ń gòkè, ojú ló ń gbé e." Gbogbo òṣìṣẹ́ ojú irin náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ojú irin á gbé wọn padà sílé. Kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ín sọ̀kalẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí kò sí ọkọ̀ ojú irin mọ́, ọkọ̀ agbépákó ló ń gbé Bàbá Ọfà padà láti òkè, ó ń gba títì ẹ̀yìn òkè. Ogún ọdún, kò gba ọ̀nà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àlejò náà kò gbà á sọ̀kalẹ̀. Ibi tí ọfà bá na ìka sí ni wọ́n ń lọ.

Ilé ìdúró ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ ni ọmọbìnrin rẹ̀ sọ di ilé àlejò. Yàrá méje. Ìyá Àlejò ni gbogbo ayé ń pè é. Òun ló ń sè, òun ló ń fọ̀, òun ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ ráhùn, àfi ti orúnkún. Òkè náà ga. Àwọn kan máa ń wá lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í padà wá.

Lọ́dún tó kọjá ló wá bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ọ̀nà kì í ní orí méjì ni?"

"Ó ní."

"Kí ló dé tí a fi ń ti orí tó le bẹ̀rẹ̀? Mo lè ní kí ọkọ̀ agbépákó máa gbé wọn lọ sókè láàárọ̀, kí wọ́n máa gùn ún sọ̀kalẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á dé ọ̀dọ̀ mi, ebi á ti máa pa wọ́n."

Bàbá rò ó wò. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ó gbé ọ̀dà rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Bó bá ti dé ìdí òkúta tó ní ọfà, á fi ọ̀dà dúdú pa ti iwájú rẹ́, á na ọwọ́ yí i ká, á kùn ọfà tuntun sẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkè. Òkúta kan náà ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá di iwájú. Iṣẹ́ náà mọ́, inú rẹ̀ dùn sí i.

Fún oṣù mẹ́rin, ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni àwọn àlejò ń gbà á sọ̀kalẹ̀, àbúrò bàbá ló sì ń ṣáájú wọn. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Òun ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àlejò, kò sì sí ohun tó ń kánjú ṣe láyé. Ó tún ń bẹ̀rù òkùnkùn. Bó bá ti dé inú ihò òkè, á bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, á máa tì í lọ, á máa súfèé kí ẹ̀rù má bàa bà á. Àwọn àlejò á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí wọ́n fi máa jáde.

Tíṣà ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá nìkan gbà á.

Wọ́n fi okùn gbé òkú rẹ̀ gòkè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa kẹ̀kẹ́. Ẹnu àpáta kọ́ ọ, wọ́n tún fà á, nǹkan já. Nígbà tó fi dé òkè, àwọn wáyà bíréèkì ti já sára rẹ̀, wọ́n ń mì bí irun ẹnu ológbò.

Ọ̀gá ọlọ́pàá dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkùnrin sísanra ni, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ nínú yàrá ìjẹun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi bírò gbé wáyà tó já sókè.

"Ta ló fọwọ́ kan bíréèkì yìí kẹ́yìn?"

"Èmi ni," Jẹ́jẹ́ wí. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn tíṣà. Ó ní bíréèkì ń dún. Mo pààrọ̀ wáyà méjèèjì."

"Ẹ dè é dáadáa?"

Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo máa ń dè é," ó wí.

"Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ti ọjọ́ yẹn ni mo bi yín."

"Mi ò rántí." Ó jókòó. "Ọlọ́run, mi ò rántí."

Ọ̀gá ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ìyàwó tíṣà ń bọ̀ lọ́la, òun náà á padà wá lọ́la, kí Jẹ́jẹ́ má kúrò nílé. Bàbá Ọfà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń wò ó.

Nígbà tí ilé dá, bàbá lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀ ní kíṣíìnì. Ìyẹn ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

Kò jókòó. "Bíréèkì mú," ó wí.

"Kí lẹ wí?"

"Kí a tó fà á sókè. Mo tẹ̀ ẹ́. Méjèèjì ló mú."

Ó dáwọ́ dúró. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta lẹ ti sọ fún?"

"Ìwọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, kó parí sọ́dọ̀ èmi." Ó nu ọwọ́. "Bó bá jẹ́ bíréèkì ni, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ kan ni. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ni, ọ̀rọ̀ ilé yìí ni. Wọ́n á tì í pa. Ọmọ mẹ́ta, Bàbá. Bàbá wọn ò wẹ̀yìn láti ọjọ́ tó ti lọ. Yàrá méje yìí ni ọkọ mi."

"Àbúrò mi ńkọ́?"

"Bàbá Kékeré ti dàgbà. Wọ́n á bá a wí, wọ́n á ní kó má tún kẹ̀kẹ́ ṣe mọ́. Ojú rẹ̀ gan-an ò ríran dáadáa mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Wọ́n á tì í mọ́lé."

"Wọn ò ní tì í mọ́lé."

"Ó gbà pé òun ló pa á. O ò rí ojú ẹ̀ ni?"

"Mo rí i." Ó gbé abọ́ kan náà, ó tún ń fọ̀ ọ́. "Ṣé ọfà yín ni?"

"N ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀, ẹ wá fẹ́ lọ sọ ọ́."

"Màá lọ wò ó."

Ilẹ̀ mọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ agbépákó, ó tẹ̀ lé e dé òkè. Awakọ̀ bi í léèrè ohun tó ń wá, ó ní òun fẹ́ lọ sílé ni. Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣebí ẹnu ọ̀nà yín ni mo ti gbé yín."

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni bàbá. Ó jókòó lé kẹ̀kẹ́, ó sì jẹ́ kó máa lọ.

Kò mọ ibì kankan. Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu nìyẹn. Igi tó mọ̀ láti kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń rí, ó sì dà bí igi àjèjì. Afẹ́fẹ́ ń fọ́n sí i létí. Kò ní láti wa ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń sáré fúnra rẹ̀. Ọfà àkọ́kọ́ ti fẹ́ẹ̀ kọjá kó tó rí i. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Ó ti kọjá ẹ̀kẹta pátápátá kó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò sí ewu níbẹ̀, koríko ni lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá ṣìnà níbẹ̀ á kàn padà ni.

Ó dé ihò òkè. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, omi ń kán. Ẹnu ọ̀nà àbájáde dà bí ojú abẹ́rẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì ń tóbi bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń wu ẹni tó wà nínú òkùnkùn. Bàbá rí i pé òun gan-an ti ń wa ẹsẹ̀ kí òun lè tètè dé ibẹ̀.

Ó mọ ohun tó wà níta. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n tó báyẹn. Lẹ́nu ihò, ọ̀nà gbọ́dọ̀ yà sósì lójú ẹsẹ̀, kó bọ́ sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tó lọ sí etí odò. Bí kò bá yà, afárá ló kù níwájú, afárá náà sì ti wó láti ọdún tí àgbàrá gbé e lọ. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ló kù nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà òfuurufú. Kò sẹ́ni tó dí i. Ẹni tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ kò níṣẹ́ lọ́dọ̀ afárá náà. Á jáde láti ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, á rí òkúta ńlá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọfà lára, á yà wọ ihò, ó parí.

Ó mọ gbogbo èyí, ó sì tẹ bíréèkì kó tó jáde. Síbẹ̀, nígbà tí oòrùn dà sí i lójú, kò rí nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ yọ̀ lórí yanrìn. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gún ilẹ̀, ó ń wọ́ wọn lọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, àárín táyà rẹ̀ àti òfuurufú kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ó yíjú wo òsì. Kò rí ọfà. Ó tún yíjú sí i, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà. Ògiri tó yọ jáde lẹ́nu ihò ló bo òkúta náà. Ẹni tó ń jáde kò lè rí i àfi tó bá ti kọjá rẹ̀. Ọfà náà dára. Kò sí ibi tí ọ̀dà ti ṣàn.

Ó tẹ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn padà sínú ihò, ó tún jáde. Ó ṣe é nígbà mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò rí ọfà kó tó kọjá rẹ̀.

Nígbà tó délé, ọkọ̀ ọlọ́pàá ti wà lẹ́nu géètì. Obìnrin gíga kan jókòó nínú yàrá ìjẹun, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kò tú ìbòrí rẹ̀. Ìyàwó tíṣà ni. Jẹ́jẹ́ ti wọ ẹ̀wù tó dára jù tó ní, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń bá wọn lọ díẹ̀," ó wí. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi wo àwọn irinṣẹ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dípẹtà bíi tèmi."

Ọmọbìnrin bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì. Ó ń mi orí fún bàbá rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Kì í ṣe bíréèkì," bàbá wí.

Ọ̀gá ọlọ́pàá yíjú. "Kí ni?"

"Bíréèkì mú kí a tó fa kẹ̀kẹ́ sókè. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Òkúta ló já wáyà."

"Ẹ wà níhìn-ín lánàá nígbà tí mo ń béèrè, Bàbá. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́?"

"N ò tíì gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ rí nígbà náà."

Kò sẹ́ni tó yé nínú wọn. Bàbá ní kí wọ́n wá wo ọfà òun lẹ́nu ihò.

Ìyàwó tíṣà ní òun náà ń lọ. Wọ́n fi mọ́tò gba títì ẹ̀yìn òkè, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ihò. Bàbá ṣáájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde lọ dúró lẹ́bàá òkúta, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ ní àárín ọ̀nà. Ó ń gbọ́ bàtà wọn nínú omi.

"Ọkọ mi kì í sáré," obìnrin náà ń sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ẹni tó máa ń wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọdá títì tí kò sí mọ́tò."

Wọ́n yọ sí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ bojú.

"Bàbá, ọfà dà?" ọ̀gá ọlọ́pàá béèrè.

"Ẹ máa bọ̀."

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i.

"Ọfà ọ̀hún dà?"

"Ẹ dúró. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn yín lósì."

Wọ́n wò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ọlọ́pàá wo iwájú, ó rí ibi tí afárá parí sí, ó fa obìnrin náà lápá sẹ́yìn.

Obìnrin náà yíjú sí bàbá. "Ta ló kùn ún?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò gun kẹ̀kẹ́ gba ibí yìí kẹ́ ẹ tó kùn ún?"

"Mo gùn ún. Sókè."

Bàbá ń retí ìgbájú. Ì bá gbà á. Ṣùgbọ́n obìnrin náà lọ sídìí òkúta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọfà náà, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. Ó nù ún, ó tún nù ún.

"Ó ti gbẹ," ó wí. Ó sì yíjú padà sínú ihò.

Kí oṣù tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó búlọ́ọ̀kù wá, wọ́n mọ ẹnu ihò pa, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé bàbá dé iwájú adájọ́. Adájọ́ wo ewú orí rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé, kó má tún sàmì sí ọ̀nà kankan mọ́ láyé rẹ̀. Bàbá ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀wọ̀n. Ó ti ká aṣọ méjì sínú báàgì. Ó gbé báàgì náà padà.

Jẹ́jẹ́ wá dúpẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ mí."

"Èmi ni mo jù ẹ́ síbẹ̀. Lọ jókòó."

Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò tún kẹ̀kẹ́ kankan ṣe mọ́. Ó ní bí òun bá de nọ́ọ̀tì kan tán, òun á tún padà lọ wò ó, òun á tún padà, ilẹ̀ á sì ṣú.

Àlejò kò wá mọ́. Ìyá Àlejò ń ta bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, níbi tó ti ríṣẹ́ ilé fífọ̀, ó wá kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Mi ò bá yín jà."

"Mo gbọ́."

"Àmọ́ mi ò lè sè é fún àwọn ọmọ jẹ."

Bàbá gbé ẹrù kan bá a dé ìdí ọkọ̀. Awakọ̀ ṣíná ọkọ̀, wọ́n sì lọ.

Bàbá nìkan ló ń gbé ilé náà báyìí. Ó ń gbálẹ̀ yàrá méjèèje láàárọ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀kẹta, yàrá tí tíṣà sùn sí, bàtà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, aláwọ̀ pupa, okùn rẹ̀ wà ní síso.